Bọ́tìnì tí a fi pamọ́ kì í ṣe ilẹ̀kùn tí a tì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀jọ́, níbi tí ìjọba Lateef Jakande dá LASU sílẹ̀ sí lọ́dún 1983. Ní irú fásitì báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Okokomáíkò àti olùkọ́ rẹ̀ lè jọ ṣí ojú ìwé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí èsì tirẹ̀. Olùkọ́ á rí àyè tí yóò kọ máàkì sí. Báwo la ṣe dé ibẹ̀?

Lọ́dún 1961, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe CTSS, tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa lo kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n fún oníkálukú ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Lọ́dún 1962, àkókò tí wọ́n fún Allan Scherr kò tó o. Ó ní kí wọ́n tẹ ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀ jáde fún òun. Wọ́n sì tẹ̀ ẹ́! Kò sí ohun tó bi í pé, ta ni ọ́ tó ń bèèrè èyí?

Lọ́dún 1992, David Ferraiolo àti Richard Kuhn ti NIST dábàá pé ipò ni ká fún láṣẹ, ká wá fi èèyàn sí ipò. Èyí ò ṣàjèjì sí wa: bí ìjòyè bá papòdà, oyè ò bá a kú. Nígbà tó di 2005, WordPress náà ti ń lo irú ètò yìí.

Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Àwọn kan á fi bọ́tìnì pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì tí bọ́tìnì náà ń lọ lè fúnra rẹ̀ fi ìbéèrè ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí sáfà ò bá bi í pé ipò wo ló wà, F lè di A. Lọ́dún 2021, OWASP fi irú àṣìṣe yìí ṣe àkọ́kọ́ nínú ewu mẹ́wàá tó ń bá iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fínra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Ìyànà-Ìbà, ẹ fi bọ́tìnì pamọ́ kí ojú ìwé má bàa rú èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí sáfà bèèrè ipò lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà gbogbo. Máàkì ẹni tó fi òru kàwé ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ó dìgbà kan ná.