Ìbọn Wo Ló Yẹ Kí Jagunjagun Yàn?

Ní Inísà àti gbogbo agbègbè odò Ọ̀tìn, yíyan ìbọn kì í ṣe eré láyé àwọn baba wa. Nígbà ogun Jálumi, tí Ìbàdàn ṣẹ́gun ní Ìkìrun lọ́dún 1878, ṣakabùlà ló gbajúmọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta. Bí òjò bá rin ẹ̀tù, ó di igi lásán.

Nínú ogun Kírìjì, Èkìtì Parapọ̀ gba Snider láti Èkó. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ọta, ó sì yá ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Àwọn kan ní oògùn ló dá Ìbàdàn dúró. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn náà fẹ́ Snider, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà òkun mọ́ wọn.