Nọ́ńbà 240257

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́

Sátidé ni, ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2022. Olúwabámiṣe Àyánwọlá, ọmọ ọdún 22, aránṣọ tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ajah ní Èkó, fẹ́ lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Ọ̀ṣọ́dì lọ̀nà rẹ̀ gbà. Láti Ajah dé Ọ̀ṣọ́dì, ẹni tí kò ní mọ́tò tirẹ̀ á yan dáńfó tàbí kó yan bọ́ọ̀sì BRT, ohun tó sì máa ń mú obìnrin tó dá rìn yan BRT kò fara sin rárá: ẹ̀rù wọ́n-ṣáǹsì ni. Láti Èkó títí dé Warri níbí la ti mọ orúkọ yẹn, ọkọ̀ tí awakọ̀, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ àti àwọn tó jókòó bí èrò ti jọ mulẹ̀, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni èrò gidi níbẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2008 ni BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, láti Mile 12 lọ sí CMS. Nígbà yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rìnlá tí aráàlú ti ń fọkàn tán an. Ó ní nọ́ńbà gàdàgbà, awakọ̀ rẹ̀ ń wọ aṣọ iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ kan sì wà tó mọ ẹni tí òun kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Ìyá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ dáńfó lálẹ́ á sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, kó dúró de BRT. Mo sọ èyí ṣáájú kí á tó dé inú ọkọ̀ náà, nítorí pé ẹnu ti pọ̀ jù lórí ohun tí ó yẹ kí Bámiṣe ṣe. Ohun tí àwọn àgbà kọ́ ọ láti ṣe ló ṣe.

Aago méje alẹ́

Ní ìparí oṣù Kejì, oòrùn máa ń wọ̀ l'Ékòó kí aago méje tó lù. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Bámiṣe wọ BRT kan ní ibùdókọ̀ Chevron, lójú títì tó ti Ajah wá sí Lekki. Lagos Bus Services Limited, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ló ni ọkọ̀ náà. Andrew Ominikoron ló ń wà á. Ọ̀ṣọ́dì ni wọ́n ní ó ń lọ.

Láàárín aago méje sí aago mẹ́jọ

Wákàtí kan yìí ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò dáadáa, nítorí òun nìkan ló ní ẹlẹ́rìí tó ń sọ̀rọ̀ bí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹlẹ́rìí náà ni Bámiṣe fúnra rẹ̀.

Ó mú fóònù, ó ṣí WhatsApp, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kan. Ó ní inú ọkọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan. Ó ní awakọ̀ sọ pé òun máa kó èrò lọ́nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó wo nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ó wò ó, ó sì fi ránṣẹ́: 240257. Ọ̀rẹ́ ní kó sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n bá ti dé Oworo. Bámiṣe ní kí wọ́n máa gbàdúrà fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ní Warri, tí ènìyàn bá fẹ́ lọ sí Èkó, yóò dé gáréèjì ní Effurun ní ìdájí, kí ọkọ̀ sì tó gbéra gba Benin àti Ọ̀rẹ̀ lọ, wọn á gbé bébà kan yí káàkiri. Kálukú á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á kọ orúkọ ẹbí tí wọ́n lè pè àti nọ́ńbà fóònù onítọ̀hún. Bébà yẹn kì í ṣe nǹkan ńlá lójú wa. A máa ń kọ ọ́ pẹ̀lú bíírò tí kò yọ́ dáadáa, àwọn kan á tiẹ̀ kọ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe, òun ni àkọsílẹ̀ tó wà pé àwọn báyìí ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ báyìí. Bọ́ọ̀sì àárín ìlú kò ní irú rẹ̀. Ẹni tó bá wọ BRT ní Chevron, kò sẹ́ni tó ń gbé bébà wá kó kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Bámiṣe ló kọ tirẹ̀. Irú ọkọ̀ tó wọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ohun tí awakọ̀ sọ nípa èrò tó fẹ́ kó. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìwádìí, ohun tí yóò máa wá kiri nìyí. Ọmọ ọdún 22 kó gbogbo rẹ̀ jọ nínú òkùnkùn, lórí ìjókòó, nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí ohùn wọ̀nyí fi jáde sórí ẹ̀rọ ayélujára ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, gbogbo Nàìjíríà ló di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọ́n dé orí fóònù wa ní Warri pẹ̀lú. Mo rántí bí àwọn ènìyàn ti ń fi etí sí i léraléra, tí wọ́n ń jiyàn lórí bóyá obìnrin tó ní ó wà nínú ọkọ̀ mọ awakọ̀ tẹ́lẹ̀, lórí bóyá àwọn ọkùnrin méjèèjì jẹ́ èrò. Àwọn kan ń tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìwé kóòtù. Ohun tó wúlò wà nínú èyí. Nọ́ńbà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan àti ẹbí kan di ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀ lórí, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tó lè sọ pé òun kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ń wí.

Ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ, tó sì ń bí mi nínú títí di òní: kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀? Awakọ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn BRT. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní òru lójú títì tí kò mọ ẹnì kankan, kò tíì bọ́ nínú ewu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní kó sọ̀kalẹ̀ ní Oworo ronú bí ẹni tó mọ Èkó: Oworo ni ibi àkọ́kọ́ tí èrò, iná àti ọkọ̀ mìíràn yóò wà lẹ́yìn afárá gígùn Third Mainland. Mo tún gbọ́ tí àwọn kan ń dá ọ̀rẹ́ náà lẹ́bi. Ẹni tó ní kí wọ́n wo nọ́ńbà ọkọ̀! Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ wo ni à bá máa rò?

Aago mẹ́jọ

Ẹ mú máàpù Èkó. Ọkọ̀ tó ń ti Chevron lọ sí Oworo yóò gba títì Lekki kọjá, yóò wọ Erékùṣù, yóò sì bọ́ sórí Third Mainland, afárá tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8. Òpin afárá yẹn ni Oworo. Carter Bridge yàtọ̀ sí i pátápátá. Ọ̀nà Ìdúmọ̀tà àti Ẹ́bútẹ́ Èrò ni afárá yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì já sí Ìddó. Àwọn òyìnbó amúnisìn ti la afárá síbẹ̀ láti 1901, kí Third Mainland tó parí ní 1990. Ẹni tó ń lọ sí Oworo kò ní ohunkóhun ṣe lórí rẹ̀.

Orí Carter Bridge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Ògógóró ní Ẹ́bútẹ́ Èrò, ni wọ́n ti rí òkú Bámiṣe.

Àwọn tó mọ Èkó rí ọ̀ràn yìí kíákíá. Ẹni tó ti wa dáńfó rí, ẹni tó ń ná ọjà Ìdúmọ̀tà, ẹni tí bọ́ọ̀sì máa ń gbé kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó nílò kí amòfin ṣàlàyé fún un pé ọkọ̀ Ọ̀ṣọ́dì ti yà kúrò lọ́nà. Ìmọ̀ aráàlú nìyí, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí ọwọ́ tẹ awakọ̀, ó ní àwọn agbébọn ló wọ ọkọ̀ lọ́nà tí wọ́n sì dá òun lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ènìyàn tó ti fi ìka tọ ọ̀nà yẹn lórí máàpù fóònù wọn.

Fóònù Bámiṣe ti dákẹ́.

Aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀gànjọ́

Ní gbogbo wákàtí wọ̀nyí, nọ́ńbà mẹ́fà wà lórí fóònù ọ̀rẹ́ kan ní Èkó. Ó mọ ọkọ̀, ó mọ ọ̀nà, ó mọ pé ẹ̀rù ń ba ọ̀rẹ́ òun. Ta ni kó pè? Èkó ní nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 àti 112. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè, ta ló máa ń ronú láti pe 767 nítorí pé ọkọ̀ ìjọba ṣókùnkùn? Kí ni yóò ní ó ṣẹlẹ̀? Ohun tí ẹni tó ní nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́wọ́ nílò ni nọ́ńbà fóònù kan, tí wọ́n kọ sára ìjókòó níbi tí èrò ti lè rí i nínú òkùnkùn, tí ẹnì kan yóò gbé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé, tí onítọ̀hún yóò sì lè sọ pé, "Mo rí 240257, ó wà níbáyìí, kò yẹ kó wà níbẹ̀." Gbogbo ìpínlẹ̀ tó bá ń fi owó ìlú ra bọ́ọ̀sì ló yẹ kó ní in, Delta wa náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tuntun máa ń ní ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n máa ń gé ríbọ́ǹnù, gómìnà á jókòó síwájú. Ẹni tí yóò gbé fóònù lálẹ́ kò ní ayẹyẹ, òun sì ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́.

Ibi tí wákàtí wọ̀nyí ti ṣófo ni àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí fóònù ti ṣìnà jù. Nígbà tí kò sí ohùn Bámiṣe mọ́ láti tẹ́tí sí, wọ́n fi tiwọn dí i. Ọ̀rọ̀ ògùn owó gba gbogbo orí ẹ̀rọ ayélujára. Wọ́n ń ka ẹ̀yà ara tí wọ́n ní wọ́n ti yọ, wọ́n ń pín àwòrán tí kò yẹ kí ìyá kankan rí. Mo mọ ibi tí ìrònú yẹn ti ń wá: ìtàn gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, a sì ti rí i tó ṣẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn yẹn rọrùn jù. Ó jẹ́ kí ọkùnrin kan tó di ọkọ̀ ìjọba mú, tó mọ agbára tí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn ní lórí obìnrin tó dá jókòó, di iwin tí kò sí ní ilé ẹnikẹ́ni. Ìfipábánilòpọ̀ àti ìpànìyàn ni ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi fún nígbẹ̀yìn. Ìwà ọ̀daràn tó wọ́pọ̀ ni, tí a máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nítorí pé àwọn tó ń hù ú ń gbé láàárín wa.

Ìdájí, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ilẹ̀ mọ́ ní Sọ́ńdè, Bámiṣe kò dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, wọ́n lọ sọ fún ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ sí gbangba. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ni ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti rí òkú rẹ̀. Awakọ̀ ti sá. Àwọn agbófinró DSS mú un ní Òṣósà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti gbé e dé ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó.

Ariwo orí fóònù ṣe ohun kan tí n kò ní gbàgbé. Obìnrin mìíràn jáde. Ó ní ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, oṣù mẹ́ta ṣáájú alẹ́ Bámiṣe, awakọ̀ kan náà yìí fipá bá òun lò pọ̀ ní agbègbè Lekki. Ó dúró níwájú adájọ́, ó jẹ́rìí. Gbogbo àwọn tó tú ohùn palẹ̀, tó ya máàpù, tó jiyàn lórí iye èrò inú ọkọ̀, kò sí èyí tó mọ̀ pé obìnrin yìí wà. Òun ló mọ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Adájọ́ Sherifat Sonaike dájọ́ ikú fún Andrew Ominikoron, pé kí wọ́n yẹgi fún un.