Ibi tí èsì ìbò ààrẹ 2023 há sí

25 February 2023, ìbò parí, àwọn èèyàn ń ṣí IReV, èsì ààrẹ ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì o. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí.

Ojú ìwé tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í tọ́jú nǹkan fúnra rẹ̀. Database ló wà lẹ́yìn rẹ̀, bí àká lẹ́yìn ilé. Kí application tó lè dé ibẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ fún un: kọ̀ǹpútà wo, ẹnu ọ̀nà wo (3306 ni MySQL sábà máa ń lò), orúkọ, password, àti àpótí wo gan-an. Bí ọ̀kan bá ṣì, ó tán nìyẹn.

August 2020 ni INEC kọ́kọ́ lo IReV, níbi ìbò àfidípò kan ní Nasarawa. Ẹdó tẹ̀ lé e, Oǹdó, Èkìtì, Ọ̀ṣun. Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo wọn, kò sí ìbò tó kọjá ìpínlẹ̀ kan.

Wàyí o, ẹ mú ibùdó ìdìbò kan ní Ifẹ̀-Olúkòtún. Èsì sẹ́nétọ̀ ń bọ̀ láti ibẹ̀: Yàgbà East, Kogi West, ìpínlẹ̀ Kogi. Application rí Kogi, ó mọ àpótí tó máa fi fọ́tò ìwé èsì sí. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ti ààrẹ ńkọ́? Ibùdó kan náà, BVAS kan náà, ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ni ẹkùn ìbò ààrẹ, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ kankan. Application wá ìpínlẹ̀ títí, kò rí, ló bá ju “HTTP server error” padà.

Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. INEC fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2024. Wọ́n ní àwọn tún un ṣe, èsì ààrẹ àkọ́kọ́ sì gòkè ní 8:55 alẹ́ ọjọ́ náà. Lójú tèmi sha, irú àṣìṣe yìí, ìdánwò ọjọ́ kan péré ló yẹ kó tú u fó.

Kí ìròyìn yẹn tó jáde, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 26 October 2023: àìsí èsì lórí IReV kò tó láti fagi lé ìbò.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, Kogi dìbò gómìnà. Ìyẹn ní ìpínlẹ̀ tiẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni èsì ti ń wọ IReV.