Bàálù inú àpótí: Kí ni ilé iṣẹ́ ń tà, kí ló sì kù sọ́wọ́ ẹni tó rà á?

Ní ìlú Aurora, ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú tó ń ṣe ẹ̀yà ara bàálù, àmọ́ tó fi títò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Inú àpótí ni ọjà rẹ̀ máa ń wà nígbà tó bá jáde. Ẹni tó rà á ni yóò tò ó nínú gáréèjì ilé rẹ̀, tí yóò sì gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé e lójú òfurufú.

Van's Aircraft ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Richard VanGrunsven, onímọ̀ ẹ̀rọ tó tún jẹ́ awakọ̀ òfurufú, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973. Láti ìgbà náà, bàálù tó lé ní 11,000 tí wọ́n tò láti inú àpótí rẹ̀ ló ti fò.

Kí ni àlejò yóò bá níbẹ̀?

Ẹni tó bá ń retí àtibá bàálù rẹpẹtẹ nínú ọgbà náà yóò kọ́kọ́ rí páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò léra wọn bíi páànù ìbolé. Ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí ló ń lu ihò sí wọn lára, òmíràn sì ń tẹ̀ wọ́n di egungun ìyẹ́. Lẹ́yìn èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa ka ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan láti orí pẹpẹ sínú àpótí, bó ṣe wà nínú ìwé àkọsílẹ̀.

Ihò wọ̀nyí ni pàtàkì ọjà náà. Láyé àtijọ́, ẹni tó fẹ́ kan bàálù nílé ní láti wọn ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò wà, kí ó fi dírìlì lu ú, kí ó sì kan férémù ńlá tí yóò di ẹ̀yà mú kí ìyẹ́ má baà lọ́. Lónìí, bí ihò páànù kan bá ti ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ti èkejì, ìyẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ fúnra rẹ̀. Ìpéye yìí ni oníbàárà ń sanwó fún.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rà á

Ìrù bàálù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rà. Ìyẹ́ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ara ọkọ̀, kí ó tó kan àwọn ohun tí wọ́n fi ń parí iṣẹ́. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó bá rí i pé iṣẹ́ náà kọjá agbára òun lè dúró lórí ìrù láì tíì ná gbogbo owó rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ mìíràn, Zenith Aircraft, tó wà ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Mexico ní ìpínlẹ̀ Missouri, tilẹ̀ máa ń gba àwọn ènìyàn láyè láti wá fi ọjọ́ méjì to ẹ̀yà ìrù tó ń darí bàálù sọ́tùn-ún àti sósì. Wọn yóò sì gbé e lọ sílé.

Ẹ fi sọ́kàn pé ẹ́ńjìnnì, abẹ̀bẹ̀ iwájú àti àwọn aago inú ọkọ̀ kì í sábà sí lára owó àpótí. Owó ńlá sì ni wọ́n ń gbà.

Nílé, iṣẹ́ sùúrù ló kù. Ènìyàn yóò dán etí ihò kọ̀ọ̀kan, yóò tẹ̀ ẹ́ ní kòtò díẹ̀ kí orí rífẹ́ẹ̀tì lè jókòó pẹlẹbẹ, yóò sì kàn án pa. Níbi tó bá gba ènìyàn méjì, ẹnì kan yóò di ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń gbá rífẹ́ẹ̀tì mú, ẹnì kejì yóò fi irin tì í lẹ́yìn. Ó sábà máa ń gbà ju wákàtí 1,000 lọ.

Kí ni òfin sọ?

Lábẹ́ òfin àjọ FAA, tó ń rí sí ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń to irú bàálù yìí gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn ara wọn. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní òfin ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà «EXPERIMENTAL» gbọ́dọ̀ hàn lára ọkọ̀ náà, kí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lè mọ̀ pé bàálù àdánwò ni. Ó sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀pọ̀ wákàtí fò fún ìdánwò kó tó lè gbé èrò.

Nígbà tí ihò di wàhálà

Nígbà àjàkálẹ̀ ààrùn Kòrónà, ìbéèrè fún àpótí bàálù pọ̀ kọjá agbára Van's Aircraft. Ó gbé lára iṣẹ́ náà fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, tí wọ́n fi iná lésà gé ihò dípò ẹ̀rọ tó ń lù ú. Nígbà tó yá, ó hàn pé etí àwọn ihò kan ń sán bí oníbàárà bá tẹ̀ wọ́n ní kòtò. Àwọn kan sì ti kan irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ wọn.

Ilé iṣẹ́ náà ṣe àyẹ̀wò, ó sì gbà láti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó sá di ilé ẹjọ́ kí àwọn tó ń sin ín lówó má baà dà á wó. Owó ọjà gbówó lórí, kódà fún àwọn tó ti san àsansílẹ̀. Ọdún 2024 ló jáde kúrò lábẹ́ ààbò náà.

Kí ló kan Nàìjíríà àti Ghana?

Ọjà ilé iṣẹ́ yìí ti dé ilẹ̀ wa rí. Láàrin ìparí àwọn ọdún 1980 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ AIEP ní Kaduna to bàálù láti ara RV-6A ti Van's. Air Beetle ni wọ́n pè é, iléeṣẹ́ ológun òfurufú Nàìjíríà sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀. Ní Kpong, lórílẹ̀-èdè Ghana, àwọn ọ̀dọ́bìnrin pẹ̀lú kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ọkọ̀ Zenith CH 701.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú èyí. Ìmọ̀ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kì í bá àpótí padà lọ. Ṣùgbọ́n bí páànù, ẹ́ńjìnnì àti ihò bá ń ti òkè òkun wá, ibẹ̀ náà ni okùn iṣẹ́ yóò máa so mọ́.

Bí ẹ bá lọ ṣe àbẹ̀wò sí irú ilé iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè ẹni tó lu ihò, bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tí wọn yóò ṣe bí àṣìṣe bá yọjú. Ní Nàìjíríà, àjọ NCAA ló ni àṣẹ lórí ọkọ̀ òfurufú aráàlú, nítorí náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí kí ẹ tó ra àpótí kankan.