Lẹ́yìn Tí Bowen Padà Sílé

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà ní Jos, Kánò, Mínnà tàbí Port Harcourt, níbi tó jẹ́ pé ìsìn Yorùbá àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ẹ ti ń gbọ́ èdè ìyá yín tẹ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ wo ìtàn ọkùnrin kan tí ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n láti ibi tí a kì í sábà ka ìtàn náà dé.

Thomas Jefferson Bowen ni. Ọmọ ẹlòmíràn nínú yín ti jáde ní yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Ìwó. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni pé ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kẹjọ ọdún 1850, ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ibẹ̀ ni olùkọ́ máa ń ti pa ìwé dé. Èmi náà pa á dé bẹ́ẹ̀, kódà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa iṣẹ́ Olúwa, àfi ìgbà tí èmi fúnra mi dé láti Tógò. Ìjọ tó rán mi lọ fún mi ní ìṣẹ́jú méje, láàárín ọrẹ àti ìfilọ̀, pé kí n ròyìn iṣẹ́ ọdún mẹ́rin. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mi: ọkàn mélòó? Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bi ara mi léèrè pé, kí ni Bowen ṣe lẹ́yìn 1856? Nítorí ó ṣì lo ọdún 19 láyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n bí i sí ní 1814. Ó ti ṣe ológun rí kó tó di oníwàásù. Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó rán an wá, ọdún 1845 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Augusta, ní Georgia kan náà. Ohun tó fa ìyapa wọn kúrò lára àwọn ará àríwá ni àríyànjiyàn bóyá ẹni tó ní ẹrú lè di míṣọ́nnárì. Àwọn tó ní ó lè dì í ni wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Mi ò ní fi èyí bò yín lójú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dá owó kí ìhìnrere lè dé ọ̀dọ̀ wa ló ní ọmọ Áfíríkà lẹ́rú nílé.

Ìgbòho ni Bowen ń lọ. Kò tẹ̀dó síbẹ̀ títí tó fi padà. Hervey Goodale tí wọ́n jọ gbéra kú sí Làìbéríà. Ogun dí ọ̀nà òkè, ó sì há Bowen mọ́ Abẹ́òkúta fún ohun tó lé lọ́dún kan. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá. Ibẹ̀ náà ló wà ní oṣù kẹta ọdún 1851 tí àwọn ọmọ ogun Dahomey wá kọlu ìlú. Ó lọ sílé ní 1853, ó fẹ́ Lurana Davis, àwọn méjèèjì sì jọ padà wá. Nínú tọkọtaya méjì tó bá wọn wá, àìsàn dá ọ̀kan padà, ikú sì mú èkejì. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí Ìjàyè ní 1854, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ọdún tó tẹ̀lé e, ibà àti àárẹ̀ lé wọn lọ.

Báyìí la ṣe dé ibi tí olùkọ́ ti ń pa ìwé dé.

Nígbà tó délé, ó jókòó, ó ń kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ nípa ìrìnàjò àti iṣẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà jáde ní 1857 ní Charleston, ìlú tí wọ́n ti ń ta ènìyàn lọ́jà nígbà náà. Nínú ìwé yẹn ló ti ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé àwọn Yorùbá ń dáko, wọ́n ń hunṣọ, wọ́n ń yọ irin, wọ́n ní ọjà àti ìjọba, wọ́n sì mọ̀ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló ń bẹ lókè. Ó ní kì í ṣe oníwàásù nìkan ni kí wọ́n rán wá. Kí ilé ẹ̀kọ́, òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ bá ìwàásù rìn. Ní 1858, ilé iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lájò, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ẹni tí kò bá rí ẹni bá sọ èdè kan mọ́, a máa bá ara rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìwé yẹn, mi ò rí i bí ìwé ọ̀mọ̀wé rárá.

Lẹ́yìn náà ló di Brazil. Bowen mọ̀ pé àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ níbẹ̀, ó sì gbà pé bí ara òun kò bá gba ilẹ̀ Yorùbá mọ́, òun lè bá àwọn Yorùbá ní òdìkejì òkun. Òun àti Lurana dé Rio de Janeiro ní 1860. Ẹ ro ó wò: òyìnbó ará Georgia kan dúró ní ìgboro Rio, ó ń kí ẹrú ní Yorùbá, ẹrú sì ń dá a lóhùn. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ràn rẹ̀. Òyìnbó tó ń bá ẹrú sọ èdè tí olówó wọn kò gbọ́, kí ló ń wá? Àìsàn tún gbé e dè. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n lò, wọ́n sì padà ní 1861.

Ọdún yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè, àwọn ará ibẹ̀ tú ká, ilé ìsìn tí Bowen kọ́ sì bá ìlú lọ. Kí ọdún 1869 tó parí, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà kan kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá mọ́.

Bowen ń wàásù nígbà tí ara bá gbà á. Ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ náà ti ń ṣàìsàn, ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Milledgeville, ní Georgia, ló sì kú sí ní oṣù kọkànlá ọdún 1875. Ẹni ọdún 61 ni.

Mo mọ̀ pé inú àwọn àgbà kan lè má dùn pé mo kọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n á ní a kì í sọ irú ẹ̀ nípa baba ìjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Èlíjà tó ti pe iná sọ̀ kalẹ̀ lánàá ló dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi yẹn, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò bá a wí. Àkàrà àti omi ló kọ́kọ́ rán sí i, ó jẹ́ kó sùn, ó tún fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀kejì, kí ọ̀rọ̀ kankan tó wáyé nípa iṣẹ́. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí iná Kámẹ́lì. Lórí oúnjẹ yẹn, mélòó la gbọ́?

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà padà sí Áńtíókù, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 14 sọ pé wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ròyìn, wọ́n sì bá àwọn ọmọ ẹ̀yìn jókòó pẹ́. Kì í ṣe ìṣẹ́jú méje. Bí ìjọ yín bá ní ẹni tó ti pápá iṣẹ́ dé lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó wá jẹun nílé yín, kó sì sọ ìtàn tí kò ní iye nínú. Ẹ bi í léèrè orúkọ àwọn tó fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹ̀pà ni. Mo sunkún lọ́wọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọdún 1875 yẹn kan náà ni W. J. David àti W. W. Colley, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, dé Èkó. Wọ́n bá ìjọ níbẹ̀. Sarah Harden, opó míṣọ́nnárì ará Làìbéríà kan, ló ti ń ṣaájò rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ní 1864. Ní ti Brazil, tọkọtaya Bagby dé ibẹ̀ ní 1881. Ọdún kejì wọn ni wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ ní Salvador ní Bahia, láàárín àwọn ènìyàn tí ọ̀pọ̀ ìyá-ńlá wọn ṣì ń sọ Yorùbá.