Àìríṣẹ́ṣe ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kà Á àti Ohun Tí Ó Ń Fà Á

Ìfáárà

Ìṣirò tí àjọ NBS ṣe fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà nípa oṣù mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ọdún 2020 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ó wà nínú agbo òṣìṣẹ́, 33.3 ni kò ríṣẹ́ ṣe. Agbo òṣìṣẹ́ ni àwọn tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tí ó ń wá a. Nígbà tí àjọ kan náà ṣe ìṣirò oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, iye náà di 4.1. Ẹni tí ó gbé ní Òkìtìpupa tàbí ní Òde-Ìrèlè ní ọdún méjèèjì kò lè sọ pé ojú òun rí ìyípadà tí ó tó bẹ́ẹ̀. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé òṣùwọ̀n àìríṣẹ́ṣe ní ìtàn tirẹ̀, àti pé ìtàn náà kò bá ìtàn iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mu. Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn oníṣirò nìkan. Oògùn tí ìjọba bá fẹ́ lò fún àìsàn, orúkọ tí wọ́n bá pe àìsàn náà ni wọ́n máa ń wò. A óò kọ́kọ́ yẹ ìtàn òṣùwọ̀n wò. Lẹ́yìn náà ni a óò wo ìtàn iṣẹ́ láàrin àwọn Ìkálẹ̀, kí a tó sọ ohun tí a rò pé ó ń fa ìṣòro náà.

Ìtàn Òṣùwọ̀n

Kíka aláìríṣẹ́ kò tíì pẹ́ láyé. Ní ọdún 1878 ni Carroll Wright, olórí ọ́fíìsì ìṣirò iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, gbìyànjú láti mọ iye wọn níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin abarapá tí wọ́n ń fẹ́ iṣẹ́ nítòótọ́ ni ó ní kí wọ́n kà. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ìbéèrè nípa ọkàn ènìyàn ti wọ inú ìṣirò: ta ni ó ń fẹ́ iṣẹ́ nítòótọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1911 fún díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìrànwọ́ bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìwé orúkọ àwọn tí ó wá fi ara hàn sì di ọ̀nà láti kà wọ́n. Nínú ìkànìyàn ọdún 1940 ní Amẹ́ríkà, ohun tí olúkúlùkù ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan pàtó nínú oṣù kẹta ni wọ́n bèèrè.

Ohun kan so gbogbo ìlànà wọ̀nyí pọ̀. Ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ ti ń bọ́ ènìyàn ni wọ́n ti wá. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní oko tí yóò yà sí.

Àjọ ILO tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní àgbáyé fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná ní Geneva ní ọdún 1982 pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan péré láàrin ọ̀sẹ̀ tí a ń bèèrè nípa rẹ̀ kì í ṣe aláìríṣẹ́. Ìdí wà fún èyí. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo iṣẹ́ tí ó ń mú ọrọ̀ jáde wọ inú ìṣirò, kí a sì lè fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn. Ní ọdún 2013, wọ́n fi òmíràn kún un: ẹni tí ó ń dáko kìkì fún jíjẹ ilé rẹ̀ kò sí lára àwọn tí a ń pè ní òṣìṣẹ́ mọ́. Kò sì sí lára aláìríṣẹ́, àfi bí ó bá ń wá iṣẹ́ olówó tí ó sì ṣetán láti ṣe é.

Ní Nàìjíríà, títí di ọdún 2015, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni NBS ń kà sí aláìríṣẹ́. Ní ọdún 2015 wọ́n sọ ọ́ di wákàtí 20. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàrin 20 sí 39 sì di ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó. Ní ọdún 2023 wọ́n tẹ̀lé ìlànà wákàtí kan ti àjọ ILO.

Ẹ jẹ́ kí a dá àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Kí a ní 100 ènìyàn wà nínú agbo òṣìṣẹ́ abúlé kan. Ọgọ́ta nínú wọn ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Ogún ń ṣe wákàtí 20 sí 39. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣe wákàtí kan sí 19. Márùn-ún kò rí nǹkan kan ṣe, wọ́n sì ń wá a. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, aláìríṣẹ́ jẹ́ 40. Pẹ̀lú èkejì, 20. Pẹ̀lú ẹ̀kẹta, 5. Ẹnikẹ́ni kò kúrò ní abúlé náà, ẹnikẹ́ni kò sì wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Ìkálẹ̀ wà. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ sì ni pẹ̀lú. Bí a bá wo ìgbà àwọn baba wa, òṣìṣẹ́ ni ó ṣọ̀wọ́n jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi dá àáró àti ọ̀wẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tí ẹni tí ó jẹ gbèsè fi lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Èdè wa fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ọ̀lẹ ni orúkọ ẹni tí ó rí iṣẹ́ tí ó kọ̀ ọ́. Aláìríṣẹ́, ẹni tí ó wá iṣẹ́ tí kò rí i, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ayé owó oṣù mú gbilẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ ni ti àwọn Urhobo. Ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wá láti ìhà ìlà-oòrùn sí agbègbè Òkìtìpupa láti kọ ọ̀pẹ àti láti fún epo, wọ́n sì ń san owó fún àwọn onílẹ̀ lórí igbó ọ̀pẹ. Onigu Otite, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwádìí jáde ní ọdún 1979 nípa ipa tí wọ́n kó nínú ìdàgbàsókè ìgbèríko níbẹ̀. Ìbéèrè tí onítàn gbọ́dọ̀ bèèrè ni èyí: báwo ni ilẹ̀ tí àlejò ń wá ṣiṣẹ́ sí ṣe di ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń wáṣẹ́ kiri?

Ohun Tí Ó Ń Fa Àìríṣẹ́ṣe

Èkíní ni ilé-ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lé ní 800,000 lọ́dún náà. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira gan-an, àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn parí ìwé mẹ́fà. Archibald Callaway, tí ó ṣe ìwádìí ní Ìbàdàn ní àkókò náà, ṣàlàyé pé àwọn tí ó ń jáde ilé-ìwé ń pọ̀ ju iṣẹ́ olówó oṣù tí ó wà nílẹ̀ lọ. Ìjọba náà ti rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá àwọn oko ìtẹ̀dó sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kọ́ kò ṣẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìtumọ̀ iṣẹ́ yí padà lọ́kàn òbí àti ọmọ: iṣẹ́ wá di èyí tí a ń gba owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Èkejì ni pé àwọn tí ó ń san owó oṣù kò pọ̀, wọn kò sì fìdí múlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ epo ọ̀pẹ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ni àwọn ènìyàn gbójú lé. Aáwọ̀ láàrin àwọn onípìn-ín sì ṣàkóbá fún un. Ní Igbókòdá ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ó jẹ́ alámùúlétì, ilé-iṣẹ́ gíláàsì Oluwa kógbá sílé. Bí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ́ òpó agbègbè, ìwólulẹ̀ rẹ̀ kì í mọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Olóúnjẹ, awakọ̀ àti onílé ni yóò kàn.

Ẹ̀kẹta ni ipò epo pupa fúnra rẹ̀. Títí di àárín àwọn ọdún 1960, Nàìjíríà ni ó ń pèsè epo ọ̀pẹ jù lọ ní àgbáyé kí Malaysia tó gba iwájú rẹ̀. Nígbà tí epo rọ̀bì sì di orísun owó ìjọba ní àwọn ọdún 1970, owó oko kò wuni mọ́. Ní ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a mọ̀ sí SAP dé, iṣẹ́ ìjọba tí àwọn alákọ̀wé ń retí sì dín kù.

Ẹ̀kẹrin ni àkókò inú ọdún. Láàrin oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni ẹyìn máa ń pọ̀ jù lórí ọ̀pẹ. Ẹni tí kò rí àyè sinmi ní oṣù kẹrin lè máà rí ohun kan pàtó ṣe ní oṣù kẹwàá. Òṣùwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan kò lè rí ìgbòkègbodò yìí, àfi bí a bá kà á léraléra yípo ọdún.

Àwọn Tí Òṣùwọ̀n Fojú Fò

Kí a wá mú òṣùwọ̀n tòní lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó gba oyè yunifásítì, tí ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò ní ọjọ́ ọjà nìkan, ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin tí ó rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi, tí ó fún un, tí ó mọ ọ́n bí bọ́ọ̀lù, tí ó sì yan án lórí iná títí tí ó fi di púpurú, bí ó bá tà á, òṣìṣẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ ilé rẹ̀ nìkan ni, kò sí nínú agbo òṣìṣẹ́ rárá. Làálàá kan náà ni. Ẹni tí ó ti wáṣẹ́ títí tí ó sú u, tí kò sì wá a mọ́, kì í ṣe aláìríṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí òfin òṣùwọ̀n ni pé aláìríṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́.

Keith Hart ti kọ ohun tí ó jọ èyí ní ọdún 1973 lẹ́yìn ìwádìí rẹ̀ láàrin àwọn Frafra ní Accra: àwọn tí a ń pè ní aláìníṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ó ń wọlé kò tó nǹkan, kò sì dúró sójú kan. NBS fúnra rẹ̀ sọ pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, 92.6 nínú 100 òṣìṣẹ́ ni iṣẹ́ wọn kò sí lábẹ́ ààbò òfin àti ètò ìjọba. Iye yìí ni ó yẹ kí a máa kà pọ̀ mọ́ 4.1. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́ nínú èdè wa. Ní ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn méjèèjì jọ ń gbé ilé kan náà ni.

Ìgúnlẹ̀

A kò sọ pé òṣùwọ̀n wákàtí kan jẹ́ irọ́. Ó dáhùn ìbéèrè tí a bi í: àwọn mélòó ni kò rí nǹkan kan ṣe rárá, tí wọ́n sì ń wá a? Ní ilẹ̀ tí kò sí owó ìrànwọ́ fún aláìríṣẹ́, ìba ènìyàn díẹ̀ ni ó lè jókòó lásán títí dọ̀la, nítorí náà iye wọn yóò máa kéré. Àṣìṣe ni kí ìjọba gba iye kékeré yìí kí ó sì sọ pé ìṣòro ti tán. Àṣìṣe sì ni kí a di 33.3 mú bí ẹni pé ìdá mẹ́ta agbo òṣìṣẹ́ ló káwọ́ gbera.

Àbá wa ni pé kí a máa bèèrè ohun mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbàkígbà tí a bá ń ṣèwádìí ní agbègbè bíi Òkìtìpupa: àwọn mélòó ni kò rí iṣẹ́, iṣẹ́ àwọn mélòó ni kò tó wọn jẹ yípo ọdún, làálàá àwọn mélòó ni a kò kà. Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá tóbi, ilé-iṣẹ́ ni kí a wá. Bí èkejì bá tóbi, ọ̀nà, iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ̀rọ ìfúnpo àti owó yíyá ni yóò ṣe ènìyàn láǹfààní. Bí ẹ̀kẹta bá tóbi, àwọn obìnrin ni yóò pọ̀ jù nínú wọn, ètò tí a bá sì ṣe láìkà wọ́n kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.