Ìwà Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ẹ̀rọ Ìtàkùrọ̀sọ Nínú Kíkọ Àròkọ ní Èdè Kejì

Nínú kíláàsì kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan á kọ gbólóhùn mẹ́wàá láìwẹ̀yìn. Èkejì á kọ méjì, á sì pa ọ̀kan rẹ́. Kì í ṣe pé èkejì kò gbọ́ èdè. Ìbẹ̀rù àṣìṣe ló dì í lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, Elaine Horwitz, Michael Horwitz àti Joann Cope gbé òṣùwọ̀n onígbólóhùn 33 jáde láti fi wọn ìbẹ̀rù nínú kíláàsì èdè àjèjì. Ní 1999, Jean-Marc Dewaele àti Adrian Furnham ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọlọ́yàyà àti ẹni jẹ́jẹ́ ti máa ń hàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìdánwò alákọsílẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rọ ìtàkùrọ̀sọ ti yí nǹkan padà. Láti ìgbà tí OpenAI ti gbé ChatGPT jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, ọdún 2022, àròkọ kíkọ ti di ìtàkùrọ̀sọ, ìwà ẹni sì ti bá a wọlé.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan tó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé: “Yesterday my mother go to market and he buy yam.” Bó bá ní kí ẹ̀rọ bá òun tún un kọ, yóò rí gbólóhùn tó gún régé gbà, láìmọ ìdí tí “go” fi di “went”, tí “he” sì fi di “she”. Bó bá ní kí ẹ̀rọ kàn tọ́ka sí ibi tí àṣìṣe wà, iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Onítìjú lè béèrè ohun kan náà léraléra láìsí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n òun náà ló lè fara pa mọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, tí kò ní bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó ń kánjú ní tirẹ̀ lè da ìdáhùn kọ láìkà á.

Àríyànjiyàn lórí àtúnṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ John Truscott sọ ní 1996 pé kí olùkọ́ yé tún gírámà àròkọ ṣe, nítorí kò ṣe akẹ́kọ̀ọ́ láǹfààní. Dana Ferris ta kò ó ní 1999.

Ewu mìíràn tún wà. Ní 2023, Weixin Liang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi àròkọ 91 láti inú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì TOEFL, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ, dán ètò kọ̀ǹpútà 7 tó ń dá iṣẹ́ ẹ̀rọ mọ̀ wò. Ní ìpíndọ́gba, ó lé ní ìdajì àròkọ wọ̀nyí tí àwọn ètò náà pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Irú ẹ̀sùn èké bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀ sọ kálámù sílẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, kí olùkọ́ mọ irú ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kó tó ní kí wọ́n lo ẹ̀rọ. Kó kọ́kọ́ gba àròkọ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, kó wo ìbéèrè tí wọ́n bi ẹ̀rọ, kó sì fi ojú ara rẹ̀ ka èyí tí wọ́n kọ kẹ́yìn.